Òṣùká Alùpùpù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣọ́ọ̀kì, Ìwúwo Ènìyàn àti Ọ̀nà Oko Ìbàdàn

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí kí n sọ̀rọ̀ lórí oríkì tàbí lórí àwọn òwe tí ó ń di ìgbàgbé. Ọ̀rọ̀ irin ni mo mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni, ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà láàárín ìdí ẹni tí ó gùn ún àti ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé kò kan àṣà wa. Ẹni tí ó bá ti rin àwọn oko Ìbàdàn, láti Mọ́níyà dé Ìjàyè ní Akínyẹlé, láti Lálúpọn dé Ejíòkú ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ẹ̀rúnmu, láti Ajíà dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, yóò mọ̀ pé alùpùpù ni ó ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun ni ó ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ni ó ń gbé gààrí lọ sọ́jà, nígbà mìíràn òun náà ni ó ń gbé òkú bọ̀ wálé. Ohun tí ó ń gbé wa báyìí, ó yẹ kí a lè fi èdè wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kí alùpùpù tó dé, orí ni àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù. Kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò gbé agbọ̀n kòkó lé àtàrí lásán. Yóò ká aṣọ tàbí ewé rọ̀bọ̀tọ̀, yóò fi ṣe òṣùká. Iṣẹ́ mẹ́ta ni òṣùká ń ṣe. Ó ń mú kí ìwúwo tàn ká orí, kí ó má gún ènìyàn lójú kan. Ó ń gba ìgbọ̀n ẹsẹ̀ mọ́ra, kí ó má baà dé ọrùn tagbáratagbára. Ó sì ń mú kí ẹrù jókòó, kí ó má yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó mọ ẹrù rù mọ̀ pé òṣùká ọmọdé kì í ṣe òṣùká àgbà, àti pé òṣùká ìkòkò omi yàtọ̀ sí ti ìdì igi. Bí òṣùká bá fẹ́lẹ́ jù, ẹrù yóò dun orí. Bí ó bá ga jù, ẹrù yóò máa mì lógulògù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa òṣùká ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ díẹ̀. Etí ni àwọn bàbá wa fi sọ alùpùpù lórúkọ: wọ́n gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń lù pù-pù-pù, ó parí. Ní Ìbàdàn, “máṣìnnì” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. “Ọ̀kadà” ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ìlú tí Gabriel Igbinedion fi sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, Okada Air, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Àwọn aláwàdà wa ni wọ́n gbé orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà lé alùpùpù akérò lórí, nítorí pé òun náà ń fò kọjá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀. Okada Air ti kógbá wọlé tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ojú pópó ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n sì tún fi òfin náà múlẹ̀ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ní oko Ìbàdàn, níbi tí mọ́tò kì í dé bí òjò bá ti rọ̀, ta ni yóò lé e?

Ṣọ́ọ̀kì ni a wá bá báyìí. Méjì ni ti ẹ̀yìn lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn alùpùpù tí a ń lò, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Méjì náà ni ti iwájú, àwọn ni ọ̀pá gígùn méjèèjì tí ó di wíìlì iwájú mú. Nínú ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bí ọkọ àti ìyàwó nínú ilé kan. Èkínní ni sípírínì, òun ni ó ń gbé ìwúwo. Èkejì ni ọ́ìlì tí ń gba ojú ihò tóóró kọjá, òun ni ó ń tu sípírínì nínú. Bí sípírínì bá dá wà láìsí ọ́ìlì, bí a bá kọ lu kòtò kan ṣoṣo, alùpùpù yóò máa fò sókè sódò bí ìgbà tí ọmọdé ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ́ìlì bá sì dá wà láìsí sípírínì, kò sí ohun tí yóò gbé ènìyàn dìde. Ọgbọ́n yìí kò dàgbà púpọ̀: ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì gbé alùpùpù R12 jáde, èyí tí ó kọ́kọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì iwájú onípáìpù tí ó ní ọ́ìlì nínú dé ọjà. Títí di òní olónìí, bí ti inú Bajaj Boxer tí ń gbé gbáàgúdá ní Ìkẹ̀rẹ̀kù ti rí nìyẹn nípìlẹ̀.

Èmi alára jẹ́ ẹni tí ó sanra. Kílò 96 ni mo wọ̀n. Nígbà tí mo ra alùpùpù àlòkù kan láti máa fi rin àwọn abúlé tí mo ti ń gba ìtàn ìdílé àti oríkì sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan ni mo ti rà á. Mo gùn ún lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan ní ìhà Mọ́níyà kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. Bàbá náà kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n jókòó lé e, ó fà sẹ́yìn, ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, máṣìnnì yín kúnlẹ̀.”

“Báwo ni ó ṣe kúnlẹ̀, Bàbá?”

“Ìdí rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀, orí rẹ̀ ń wòkè. Aṣọ ẹlòmíràn ni ẹ wọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a rán tiyín.”

Mo fẹ́ràn gbólóhùn náà púpọ̀, nítorí pé bí ti télọ̀ ni iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ṣe rí. Téèpù télọ̀ gan-an ni ó mú jáde. Ó fi ìdúró ńlá abẹ́ alùpùpù gbé e nílẹ̀ kí wíìlì ẹ̀yìn lè rọ̀ sílẹ̀ láìru ohunkóhun. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara irin lábẹ́ ìjókòó, mo fẹ́ sọ pé ẹfun ìkọ̀wé, kí a má baà da orúkọ méjèèjì pọ̀. Ó wọn ibẹ̀ dé àárín wíìlì: mìlímítà 420. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n jókòó, kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi tí ẹsẹ̀ ń wà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì di hándù mú kí ó dúró ṣánṣán. Ó tún wọ̀n ọ́n: 376. Èyí ni pé mo ti fi mìlímítà 44 tẹ ìdí alùpùpù náà mọ́lẹ̀ kí a tó kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Gbogbo àyè tí wíìlì ẹ̀yìn irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní láti lọ sókè sódò kò ju nǹkan bíi mìlímítà 100 lọ. Àyè yìí ni owó tí a ní lápò. Nígbà tí a bá jókòó, a ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyókù ni a ó fi ra kòtò àti gegele tí ń bẹ lọ́nà. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, yálà fún alùpùpù tí a fi ń sáré ìdíje tàbí èyí tí a fi ń lọ sóko, máa ń fẹ́ kí ẹni tí ó gùn ún ná bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀kì yóò máa kan ìsàlẹ̀ gbàgà nínú kòtò. Bí a bá ná kéré jù, wíìlì kò ní rí àyè rọ̀ sílẹ̀ tẹ̀lé ilẹ̀ nígbà tí kòtò bá ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, táyà yóò sì máa gé kúrò lára ilẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, òrùka irin kan wà tí a gé ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ipele márùn-ún. Bàbá fi sípánà oníkọ́ kan yí i láti ipele kìíní lọ sí ìkẹta, ní ọ̀tún àti ní òsì bákan náà. Ó tún mi wọ̀n: 384. Mìlímítà 36 ni mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó wọn alùpùpù náà ní òun nìkan lórí ilẹ̀: ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní mìlímítà 6. Ó mi orí. “Ó ṣì ń mí,” ni ó wí. Ohun tí ó ń wí ni pé bí ó bá jẹ́ pé alùpùpù kò lọ sílẹ̀ rárá nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, a jẹ́ pé a ti fún sípírínì náà jù, sípírínì tí ó nípọn sí i ni ẹni náà nílò.

Àṣìrò ńlá kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì rò, ó sì yẹ kí a là á yé ara wa. Wọ́n rò pé yíyí òrùka náà ń mú kí sípírínì le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípírínì tí ó wà níbẹ̀ ni ó ṣì wà níbẹ̀. Bí kílò kan ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí òrùka ń ṣe ni pé ó ń gbé ibi tí sípírínì ti bẹ̀rẹ̀ ga sókè. Ó dà bí ẹni tí ó gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé kí ó lè tó tábìlì: ọmọ náà kò ga sí i, ibi tí ó dúró sí ni ó ga. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa yí òrùka dé òpin nítorí pé ọ̀nà ń gbọ̀n ọ́n. Bí ìgbọ̀n náà bá jẹ́ ti ọ́ìlì tí ó ti tán nínú ṣọ́ọ̀kì, kò sí ipele tí yóò wò ó sàn.

Òwe wa kan sọ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ti alùpùpù, mo ti wá rí i pé ẹ̀yìn ni ó ń ba ti iwájú jẹ́. Bí ìdí bá lọ sílẹ̀, orí yóò gòkè, bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a tẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Gígùn tí ó wà láàárín wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn alùpùpù akérò wa tó nǹkan bíi mítà 1.25. Bí ẹ̀yìn bá lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 22, gbogbo alùpùpù náà yóò tẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n digírì 1, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò sì na ẹsẹ̀ síwájú sí i ní digírì kan náà. Digírì kan lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe alùpùpù ìdíje máa ń fi ìdajì rẹ̀ jà.

Ẹ wo táyà kéékèèké tí ń bẹ lábẹ́ àga ọ́fíìsì. Bí ẹ bá ti àga náà, táyà yóò yí ara rẹ̀ padà láti tẹ̀ lé irin tí ó dì í mú, bí ajá tí ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀. Ohun tí ń mú wíìlì iwájú alùpùpù dúró ṣánṣán nìyẹn. Bí a bá fa ìlà láti orí hándù gba inú irin ọrùn alùpùpù wá sílẹ̀, ìlà náà yóò kan ilẹ̀ síwájú ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀. Táyà wà lẹ́yìn, ìlà wà níwájú, nítorí náà táyà ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀pá bá dúró gangan jù, àlàfo yìí yóò kúrú, hándù yóò máa yára jù bí ojú ẹni tí ó mu ọtí. Bí ó bá sì na ẹsẹ̀ jù, àlàfo yóò gùn, alùpùpù yóò fẹ́ láti máa lọ tààrà nígbà tí a ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yà. Ní ojú ọ̀nà oko, èyí burú, nítorí pé gbogbo ìgbà ni ènìyàn ń yà fún kòtò.

Èyí tí ó tún léwu ju ti àlàfo lọ ni pé kò sí ìwúwo mọ́ níwájú. Àpẹẹrẹ kan rèé. Ẹ jẹ́ kí a gbé àpò gààrí kan tí ó jẹ́ kílò 50 lé irin ẹ̀yìn tí wọ́n jó mọ́ alùpùpù, kí ó jókòó sí ibi tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 25 kọjá àárín wíìlì ẹ̀yìn. Àpò náà yóò di ìwọ̀n alápá méjì: yóò tẹ wíìlì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kílò 60, yóò sì gbé kílò 10 kúrò lórí wíìlì iwájú. Bí a bá gbé àpò kan náà síwájú, tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 25 wà níwájú àárín wíìlì ẹ̀yìn, kílò 40 ni ẹ̀yìn yóò gbé, iwájú yóò sì rí kílò 10 sí i. Àpò kan náà ni, alùpùpù kan náà ni. Ibi tí a gbé e sí ni ó sọ ọ̀kan di ewu, tí ó sì sọ èkejì di ẹrù lásán.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìdílé mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oko, ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Àkànrán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ó yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní oògùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò ni ó máa ń gbé e lọ. Nígbà kan, oṣù méjì kọjá tí Ìyá Oko kò lọ, oògùn sì ti tán nínú ike. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jókòó.

“Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi jà díẹ̀díẹ̀. Máṣìnnì yẹn fẹ́ bá mi parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá ti dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí orí ẹni tí ibà ń ṣe. Èmi kò lè fi ẹsẹ̀ ara mi lọ pe ikú.”

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kì í ṣe ẹni tí ń sáré àsápajúdé, ọmọlúwàbí ni. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “èmi gan-an ń bẹ̀rù ibẹ̀. Hándù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, n kò sì lè jẹ́ kí Màmá mọ̀.” A jọ wo alùpùpù náà. Ipele kìíní ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wà láti ọjọ́ tí ó ti rà á. Ìyá Oko jókòó sẹ́yìn, ẹrù ọjà àwọn aládùúgbò sì wà lórí irin lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò lọ sí ìlú lọ́wọ́ òfìfo. A gbé wíìlì iwájú kúrò nílẹ̀, mo fi ìka méjì yí hándù díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ní àárín gan-an, ó há díẹ̀, ó sì tún tẹ̀ síwájú. Àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú ọrùn alùpùpù náà ti gbẹ́ ihò síbi tí wọ́n ń jókòó sí. Mo di wíìlì mú, mo fà á síwájú sẹ́yìn, ó dún kó-kó-kó. Nígbà tí a di bíréèkì iwájú mú tí a tẹ hándù mọ́lẹ̀, ó fò padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dúró, ọ́ìlì sì ti fi ìlà dúdú sí ara ọ̀pá òsì.

Ohun mẹ́rin pàdé lójú kan nìyẹn: ìdí tí ó kúnlẹ̀, ẹrù tí ó jìnnà sẹ́yìn, ọrùn tí ó tú, àti ṣọ́ọ̀kì iwájú tí ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀. Bí a bá yanjú ọ̀kan, tí a fi ìyókù sílẹ̀, ìgbọ̀n náà yóò dín kù, kò ní tán. Mẹkáníìkì pààrọ̀ bọ́ọ̀lù ọrùn, ó fún un níwọ̀n tí kò fi tú tí kò sì fi há. Ó pààrọ̀ síìlì ọ̀pá méjèèjì, ó da ọ́ìlì àtijọ́ dànù, ó sì fi ife oníwọ̀n wọn ọ́ìlì tuntun sínú ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sàmì sí “iye kan náà” yìí: bí ẹsẹ̀ kan bá le ju èkejì, a ti sọ alùpùpù di arọ. Afẹ́fẹ́ táyà náà kò gbẹ́yìn, nítorí táyà ni ṣọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Òun ni a kọ́kọ́ máa ń wọ̀n kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ti ẹ̀yìn ni ó wá di àríyànjiyàn. Mo ní kí ó yí ṣọ́ọ̀kì sí ipele karùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń gun tiyín. Èmi, bí mo bá gbé Màmá dé ìlú, mo lè dá nìkan padà. Bí mo bá dé oríta, mo lè gbé ènìyàn méjì. Lálẹ́, kòkó ni. Ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó yí i lóòjọ́?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí mi lára, nítorí òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń fi alùpùpù sáré ìdíje ń rán aṣọ fún ara kan ṣoṣo. Ọlọ́kadà ń rán aṣọ kan fún gbogbo abúlé. Àpò kòkó kan ṣoṣo lé ní kílò 60. Òun nìkan tó èrò kan. Bí a bá gbé ṣọ́ọ̀kì ga fún ẹrù ìrọ̀lẹ́, yóò le koko bí òkúta nígbà tí ó bá dá nìkan wà lówùúrọ̀, wíìlì ẹ̀yìn yóò sì máa fò lórí ilẹ̀ alámọ̀ tí oòrùn ti sọ di gegele. Bí a bá fi sílẹ̀ fún òun nìkan, ẹ̀yìn yóò kúnlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí owó bá ń wọlé. A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Nínú wákàtí mẹ́wàá tí ó fi ń ṣiṣẹ́, bóyá méjì péré ni ó ń dá rìn. Ipele kẹrin ni a fẹnu kò lé lórí, kí ó máa wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Ìyá Oko bá ń lọ, yóò yí i sí ìkarùn-ún, yóò sì gbé ẹrù kúrò lórí irin ẹ̀yìn. Àpò kékeré ni yóò gbé, yóò sì fi okùn rọ́bà táyà dì í mọ́ orí táǹkì epo níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ náà. Sípánà oníkọ́ náà ń gbé nínú àpótí rẹ̀ títí di òní.

Oṣù náà ni Ìyá Oko lọ gba oògùn. Ìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, ó ní, “Ọ̀nà kò yí padà. Máṣìnnì ni ó dákẹ́ ẹkún.” Kò ní kí n kọ́ òun ní ohunkóhun nípa digírì tàbí mìlímítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé òṣùká ni a tún dì fún alùpùpù náà, ó mi orí pẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin, ó yẹ kí ẹ ti bi wá.”

“Ọ̀nà kò yí padà.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, Tafa Adéoyè ti Àkànrán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn. Owó orí ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí ìjà náà, owó orí sì ni olórí ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀nà oko wà lára ohun tí wọ́n béèrè, nítorí pé àgbẹ̀ tí kò lè gbé kòkó rẹ̀ dé ọjà kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbin kòkó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀dà ti dé àwọn ojú ọ̀nà ńlá kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ó yà wọ inú oko ṣì jẹ́ amọ̀ pupa, tí òjò ń gbẹ́ ní oṣù kẹfà, tí oòrùn sì ń sọ di irin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mìlímítà 100 tí ń bẹ lábẹ́ ìjókòó alùpùpù ni a fi ń san gbèsè ohun tí ìjọba kò ṣe. Ṣọ́ọ̀kì kò lè ṣe iṣẹ́ katakata. Ẹ jẹ́ kí a máa tún òṣùká wa dì, kí a má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òṣùká rọ́pò ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù tàbí tí ẹ mọ ọlọ́kadà kan, ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n wò. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ gbé wíìlì iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì yí hándù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ó fò. Ẹ fa ẹrù súnmọ́ àárín. Ẹ yí òrùka náà, ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí ìdí alùpùpù má ṣe kúnlẹ̀. Kò sí èyí tí ó gba owó ńlá nínú wọn, bí kò ṣe ojú tí ó mọ ohun tí ó ń wò.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ẹ jẹ́ kí a jáde lọ sábẹ́ igi níbi tí àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sí. “Ó kúnlẹ̀,” “orí rẹ̀ ń gbọ̀n,” “ó ṣì ń mí”: èdè Yorùbá tí ó ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó kọ wọ́n sínú ìwé fún wọn. Kí a tó jókòó nínú yàrá láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ.

Kí Olódùmarè máa ṣọ́ ìrìn ẹsẹ̀ wa, kí ó sì máa gbé àwọn ìyá wa dé ibi tí wọ́n ń lọ ní àlàáfíà. Ó dàbọ̀ ná. Ire o.